Irúgbìn tí A Sè Jẹ ní Ọjọ́ Kẹjọ Bàbá Àgbà

Ní ọjọ́ kẹjọ tí bàbá mi àgbà jáde láyé, a se irúgbìn rẹ̀ jẹ. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. A fi epo sí i, a fi irú àti ata sí i, a bù ú fún àwọn ààfáà àti gbogbo èrò tó wá bá wa ṣe àdúà. Gbogbo wọn ló ní ọbẹ̀ náà dùn. Bàbá kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ fi ìka nu àwo rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀fọ́ Bàbá kò yí padà títí dé òpin." Èmi náà jẹ ẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, tí mo lọ sí etí odò láti bomi rin èyí tó kù, ni mo rí i pé kò sí èyí tó kù.

Àwọn ọmọ àbúrò mi ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Bàbá, kí àwọn ọmọ tiwọn lè mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ ọdún tí wọ́n bí i, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni n ó kọ. Ilé rẹ̀ ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí ilé ìwé girama títí mo fi jáde, oko rẹ̀ ni mo sì wà títí di òní.

Ní Ìsẹ́yìn níhìn-ín, iṣu ni àgbẹ̀ ọkùnrin fi ń yangàn. Bí kò bá gbin iṣu, á gbin ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Láyé ọjọ́un, á gbin tábà. Ẹ̀fọ́ ni ohun tí obìnrin ń gbìn sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá náà gbin tábà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ajílẹ̀ òyìnbó tí ilé iṣẹ́ tábà ń kó fún àwọn mú kí ilẹ̀ náà kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tó mutí yó, gbogbo nǹkan ń ga sókè. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ sùn, kò sì jí mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn tábà kò ta ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀ ìyá rẹ̀, ilẹ̀ tútù kan tó wà létí odò kékeré lójú ọ̀nà Òkèhò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ṣọkọ. Ó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú pẹ̀lú, àti ata díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọkọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Bí ó bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ kọjá níwájú mọ́sáláṣí, wọ́n á pè é.

"Bàbá Oníṣọkọ! Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé òun ló ń kọ ebè iṣu ni?"

Bàbá á dúró, á sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, á dá wọn lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó wà nílé, ó ń se ẹ̀fọ́. Tìẹ náà ń se ẹ̀fọ́. Ọwọ́ mi ló ti rà á lánàá."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, òun á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á máa lọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí ó fi kú. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kì í dùn ún. Ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò, kò gbójú sókè. "Ọdọọdún ni iṣu ń jáde, Àṣàkẹ́. Ojoojúmọ́ ni ebi ń jáde."

Láti ìgbà tábà, kò jẹ́ kí ajílẹ̀ òyìnbó wọ oko rẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ màlúù ló ń lò. Gàá àwọn Fúlàní kan wà lẹ́yìn odò náà; ibẹ̀ ni a ti ń rù ú, a ó wá kó o jọ sábẹ́ igi emi tó wà lórí oko, a ó fi koríko gbígbẹ bò ó. Kò gbọdọ̀ dé ara ewébẹ̀ títí yóò fi tutù. Ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ pé ó ti tutù ni pé á ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà dé ìgúnpá. Ìgbà tí mo ń lọ sí girama, bí mo bá ti ilé ìwé dé sí oko, èmi ló máa ń pè.

"Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Bàbá, aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn mi."

"Aṣọ kọ́ ni mo ní kí o tì bọ̀ ọ́."

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń rùn, kòkòrò sì ń rìn nínú rẹ̀.

"Ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Fi sílẹ̀. Inú ṣì ń bí i." Ó fi koríko bò ó padà bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ. "A kì í gbé ọmọ fún ẹni tí inú ń bí."

Kì í tu ṣọkọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bí àwọn mìíràn. Ọ̀bẹ ló fi ń gé e, á fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rú padà. Ó gbin ẹfinrin yí oko ká nítorí òórùn rẹ̀, bí kòkòrò bá sì pọ̀ jù, á gún ewé dóńgóyárò, á rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, á fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Kòkòrò á dín kù. Kì í tán. Nítorí náà ihò kì í wọ́n lára ewé wa. Ìyá Sìkírá, tó máa ń wá kó ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà, ti bá a jà nítorí ihò yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ.

"Bàbá, ẹ wo ewé yìí! Bí ajọ̀ ló rí. Ta ni kí n tà á fún?"

"Tà á fún ẹni tó bá fẹ́ wà láàyè."

"Hà! Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ń sọ!"

"Kòkòrò tó jẹ ẹ́ ńkọ́? Ṣé o rí òkú rẹ̀ níbẹ̀?"

"N ò rí òkú kankan."

"Ó jẹ ẹ́, kò kú. Gbé e, kí o máa lọ."

Ìyá Sìkírá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí ló ń sọ tó fi ń sunkún.

Bàbá kì í ṣe ènìyàn tó rọrùn. Bí ẹnì kan bá tẹ ebè ẹ̀fọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kódà kó jẹ́ àlejò, á lé e jáde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, gbé àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan wá fún un lọ́dún kan. Ó rò pé òun ń ran bàbá òun lọ́wọ́ ni. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà fi parí. Alhaji sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà kò wá sí oko mọ́. Ilé ló ti máa ń wá kí i, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ṣúgà. Mo rò pé ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà tó le jù ni ti Bàbá Làmídì. Ilẹ̀ rẹ̀ wà lókè tiwa, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn. Ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́, ó ń fọ́n oògùn tí ń pa koríko. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ṣọkọ wa tó wà lápá òkè lọ́, ó pọ́n, ó sì kú. Bàbá gun òkè lọ bá a. Mo tẹ̀ lé e.

"Làmídì, o pa mí lọ́mọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Atẹ́gùn ni."

"Ṣé atẹ́gùn ló gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn?"

Bàbá Làmídì bínú. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ bí obìnrin, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ àgbẹ̀?"

Wọn kò kí ara wọn mọ́. Mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ, sàfù kan náà, ìyẹn ìlà ìkírun kan náà, ni wọ́n ń dúró sí, ọ̀kan á wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan á wà lápá òsì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, odò kún, ó gbá gbogbo ẹ̀fọ́ tí ìyàwó Bàbá Làmídì gbìn sí ìsàlẹ̀ lọ, irúgbìn rẹ̀ náà sì bómi lọ. Ilé wọn kò ní nǹkan tí wọn yóò tún gbìn. Bí Bàbá ti gbọ́, ó di irúgbìn ṣọkọ sínú akísà, ó ní ká lọ. A dé ẹnu ọ̀nà wọn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lé orí àpótí, ó yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bàbá Làmídì sọ, "ṣé ìjà ti parí ni?"

"Rárá."

"Kí wá lèyí?"

"Èmi àti ìwọ là ń jà. Irúgbìn kò bá ẹnikẹ́ni jà."

Òótọ́ sì ni, ìjà náà kò parí. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kò kí ara wọn. Ìgbà tí ìyá mi àgbà kú ni Bàbá Làmídì tó wọ ilé wa, tí àwọn méjèèjì jọ sunkún. Bí ẹnì kan bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ṣe tí mo fi mọ irú ẹni tó jẹ́, ti akísà yẹn ni n ó mú.

Mo ní láti sọ ohun tó wà nínú akísà náà. Ṣọkọ tí a ń ra irúgbìn rẹ̀ nínú agolo dára nígbà òjò. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú un, kíá ló ń yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. Ti Bàbá kì í kánjú. Bí gbogbo igbó bá gbẹ, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ilẹ̀ pupa là, ewé tiwa á ṣì fẹ̀, á rọ̀, a ó gé e, á tún rú. Kì í ṣe pé ó rà á níbì kan. Òun ló ń ṣà á lọ́dọọdún láti ìgbà tó ti dé àkùrọ̀ náà, ó ń mú ìyá láàárín àwọn ọmọ.

Bí ó ṣe ń ṣe é láti ìgbà ọ̀rọ̀ àpò ajílẹ̀ nìyí; kó tó dìgbà náà, ojú lásán ló fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn ahunṣọ òfì wà ládùúgbò wa. Bàbá á lọ ṣa àgékù òwú tí wọ́n gé dànù, pupa nìkan ló ń mú, nítorí òun ló hàn jù láàárín ewé. Á wọ inú oko ní òwúrọ̀, á lóṣòó síwájú ṣọkọ kọ̀ọ̀kan, á pẹ́ níbẹ̀, á dìde, á lóṣòó síwájú òmíràn. Èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á so òwú mọ́ igi rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gé èyí tó ní òwú. Á máa bomi rin ín títí á fi gbó, tí orí rẹ̀ á fi so. Irúgbìn rẹ̀ nìkan la máa gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti gbìn tán, á pín in fún ẹni tó bá béèrè, tó fi dé Òkèhò àti Ìgànná. Kì í tọ́jú kankan. Ó ní irúgbìn tó bá sùn ju ọdún kan lọ, á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe èyí tó ga jù ló ń mú. Kì í sì í ṣe èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ jù. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbìyànjú láti mọ èyí tí yóò mú kó tó mú un, n kì í sábàá mọ̀ ọ́n. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà tí mo bi í tààrà.

"Bàbá, kí lẹ rí lára eléyìí?"

"Wò ó."

"Mo ti wò ó."

"Tún un wò."

"Ẹ kúkú sọ fún mi."

Ó so òwú náà tán kó tó dáhùn. "Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, ẹnu mi ni wàá máa wò. O ò ní wo ewé mọ́."

N kò bínú. Mo rò pé bó pẹ́ bó yá, ojú mi á là sí i.

Nígbà ọyẹ́ ni àìsàn dé. Kò gbé e ṣánlẹ̀ pẹ́. Ó ti so òwú ti ọdún náà tán, èmi ni mo ń lọ bomi rin wọ́n. Ó kú ní ìdájí, a sin ín kí oòrùn tó yí. Ilé kún láti ọjọ́ náà, n kò ráyè lọ sí oko àfi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹbí pinnu pé ẹ̀fọ́ oko Bàbá fúnra rẹ̀ la máa fi ṣe àlejò àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo fara mọ́ ọn, inú mi tilẹ̀ dùn sí i. Ẹ̀fọ́ tó ń dúró de gígé wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni nínú ẹbí wa tí kò mọ̀ pé ọwọ́ kì í kan olówùú pupa. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Alhaji tí kò dé oko láti ìgbà ọ̀rọ̀ àpò ajílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ó lọ wo ẹ̀fọ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ keje bóyá á tó. Ó dá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìpalẹ̀mọ́ àdúà kò jẹ́ kí n dé oko. Nígbà tí mo dé láti etí odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí àwọn tó ń lọ.

"Alhaji, òwú pupa tó wà lára ṣọkọ dà?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó fà mí wọlé.

"Rọra sọ̀rọ̀. Mo ti tú u. Mo ti sun ún. Ẹnikẹ́ni kò rí i."

"Kí ló dé tí ẹ tú u?"

"Ṣé kí àwọn ààfáà wá bá ààlè nínú oko bàbá mi, lọ́jọ́ àdúà rẹ̀? Kí wọ́n máa wí pé ó ń kírun, ó tún ń so oògùn mọ́ ẹ̀fọ́ nítorí olè? Sàfù àkọ́kọ́ ni bàbá mi ń dúró sí, Àṣàkẹ́."

"Kì í ṣe ààlè. Irúgbìn ni."

"Irúgbìn wo?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó wo ojú fèrèsé. Àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé, à ń gbọ́ ohùn wọn.

"Èyí tí a jẹ lónìí yìí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sórí àpótí Bàbá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ó yẹ kó sọ fún mi," ló wí. "Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ó yẹ kó sọ fún mi."

N kò lè bá a jà. Ohun tí ọmọ rere ń ṣe fún orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣe. Àwọn tó lọ kó ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀ kò rí òwú, wọ́n sì tu gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, èyí tó dára jù pẹ̀lú, nítorí àdúà Bàbá ni. Kò sí ẹni tí mo lè na ìka sí. Bóyá tí ẹnì kan bá jẹ̀bi, á rọrùn díẹ̀.

Ilé Bàbá Làmídì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti di arúgbó pátápátá, orí ẹní ni mo bá a. Mo ṣàlàyé, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi wá ṣọkọ ti Bàbá, bó ti wù kó kéré mọ.

"Ọmọ mi, ọdọọdún ni mò ń ránṣẹ́ sí i pé kó fún mi. Nígbà tí òun wà níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa tọ́jú irúgbìn fún?"

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkèhò, mo lọ sí Ìgànná. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, oníkálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Wọ́n ti gbìn ín, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti tà á, wọ́n sì ń retí òmíràn. Gbogbo wa la sọ ẹnì kan ṣoṣo di àká.

Òjò ti dé báyìí. Ṣọkọ lálẹ̀hù ti yọ káàkiri àkùrọ̀ náà, láti inú irúgbìn tó ti bọ́ sílẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ti Bàbá á wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n odò tó ń kún ń gbé ti ẹlòmíràn wá láti òkè, gbogbo rẹ̀ ló sì ti pò pọ̀. Nínú òjò, kò sí ṣọkọ tí ń kánjú; títí ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn á máa hùwà rere.

Alhaji ń wá sí oko báyìí. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń rìn lójú poro bí ẹni ń rìn nínú ilé onílé. Láàárọ̀ àná, Ìyá Sìkírá ti dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà.

"Àṣàkẹ́," ni Alhaji wí, "ìwọ lo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ hàn mí, ká lè yà á sọ́tọ̀. Kí Ìyá Sìkírá gé ìyókù."

Mo lóṣòó. Igi àwọn kan pọ́n díẹ̀, igi àwọn kan funfun. Ewé ọ̀kan ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ewé ìkejì rẹ̀ fẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀, mo bọ́ sí òmíràn.

"Ẹ ṣe kíá o, ọjà ń kún!" ni Ìyá Sìkírá ń ké.

"Èwo ni?" ni Alhaji béèrè.

"N kò mọ̀, Alhaji."

Ó wo àwọn ṣọkọ náà yí ká. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀nà. "Ìyá Sìkírá, ẹ má bínú. A ò ní gé ìkankan lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbó."

"Gbogbo wọn kẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

Ìyá Sìkírá gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀, ó ń kùn lọ. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko, ó ń bi mí kó tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò tíì dìde. Mo wo àwọn ṣọkọ náà títí oòrùn fi mú mi lẹ́yìn. Gbogbo wọn jọ ara wọn lójú mi.